Jáírò Nínú Géèmù Ìbọn: Ṣé Dandan Ni, Àbí Fún Ẹni Tó Bá Fẹ́?

Nínú géèmù ìbọn, iṣẹ́ méjì ni ọwọ́ ń ṣe pọ̀: ó ń gbé ẹni inú géèmù rìn, ó sì ń wá ibi tí ẹnu ìbọn yóò kọjú sí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò le. Orí èkejì ni gbogbo ogun wà, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dojú ìbọn kọ ọ̀tá rẹ̀ láìtàsé ló ń yè. Àwọn tó ń ṣe géèmù ti wá oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọwọ́ yóò fi ṣe iṣẹ́ kejì yìí. Máòsì ni ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń tì ni ti páàdì. Ìka ni ti ojú fóònù. Ọ̀nà kan ṣì wà tó yàtọ̀ sí gbogbo wọn: kí ọwọ́ yí páàdì tàbí fóònù fúnra rẹ̀, kí ìbọn inú géèmù sì yí tẹ̀ lé e. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní jáírò, látinú jáírósíkóòpù, orúkọ ẹ̀rọ tín-ín-tín tó ń mọ̀ bí nǹkan bá yí. Àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ ni bóyá kí géèmù sọ ọ́ di dandan, kí ó yọ ọ́ kúrò pátápátá, tàbí kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.

Jáírósíkóòpù àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú, bí òkòtó ló rí. Òkòtó tó bá ń yí dáadáa kì í fẹ́ wó, bí wọ́n tilẹ̀ tì í. Ti inú fóònù kì í yí rárá. Ègé silicon tín-ín-tín ni, tí iná ń mú gbọ̀n síwá sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọwọ́ bá yí fóònù, gbígbọ̀n yẹn á yà bàrá díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀rọ á wọn bí ó ṣe yà tó, á sì sọ fún géèmù apá ibi tí ọwọ́ yí sí àti bí ó ṣe yá tó. Ẹ̀rọ mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, accelerometer, ló ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bóyá ẹnì kan ń mi fóònù. Òun ló ń jẹ́ kí àwòrán dùbúlẹ̀ nígbà tí a bá yí fóònù dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Àṣìṣe yẹn ti ná àwọn tó ń ra fóònù lówó, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe hàn níwájú.

Ohun tó mú kí jáírò wulẹ̀ wà ni àìpé ọ̀pá orí páàdì. Ọ̀pá kì í tọ́ka síbi tí ojú ń wò. Ìyára nìkan ló ń sọ. Ẹni tó tì í sọ́tùn-ún ń sọ fún ìbọn pé kó máa lọ, ó sì ń jù ú sílẹ̀ nígbà tó bá rò pé ó ti dé. Bí èrò inú dáńfó ni: á ní "ó wà o!", mọ́tò á sì ti kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù kí dírẹ́bà tó tẹ búréèkì, ni wọ́n á tún máa fi rìfáàsì padà. Nínú géèmù, àárín ìgbà tí ìbọn ń rìfáàsì yẹn ni ọ̀tá ń pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ géèmù fi ń fi ìrànwọ́ bòókẹ́lẹ́ kún ọ̀pá, tí ìbọn á fi máa rọra fà mọ́ ọ̀tá fúnra rẹ̀. Jáírò kò nílò irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí ọwọ́ bá yí ni ìbọn á yí, ibi tí ọwọ́ bá dúró ni ìbọn á dúró.

Ọdẹ tó ń fi ṣakabùlà wá ẹran nínú igbó Yewa á mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Apá kan gbé àgbá ìbọn ró, ìdí ìbọn fẹ̀yìn ti èjìká, bí ẹran bá sì yà, láti ìbàdí ni ọdẹ ti ń yí tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti wá fún géèmù ìbọn lórí páàdì àti fóònù, jáírò ló súnmọ́ ìyẹn jù. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ dé ojú àmì kì í sábà fẹ́ padà sẹ́yìn. Nítorí náà kì í ṣe torí pé jáírò kò dára ni ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kò dọ́gba, ẹ̀rọ kò dọ́gba, ibi tí ènìyàn jókòó sí náà kò dọ́gba.

Ilé iṣẹ́ Nintendo ló gbé fífi ara darí géèmù dé ilé gbogbo ayé. Oṣù Kọkànlá ọdún 2006 ni ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ tó ń jẹ́ Wii jáde, páàdì rẹ̀ sì dà bí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Kò tíì sí jáírò nínú rẹ̀ nígbà náà. Accelerometer ló ní, pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré kan ní imú tó ń wo iná tí ojú ènìyàn kò lè rí, èyí tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Jáírò kò dé títí di ọdún 2009, nínú àfikún tí wọ́n pè ní Wii MotionPlus. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí Wii jáde tí wàhálà fi dé. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2006 náà, Nintendo kéde pé òun yóò pààrọ̀ okùn ọrùn ọwọ́ rìmóòtù náà, mílíọ̀nù 3.2 lápapọ̀, nítorí okùn ń já, rìmóòtù ń fò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó sì ń ba nǹkan jẹ́ nínú ilé.

Red Steel, géèmù ìbọn tí Ubisoft ṣe, jáde pẹ̀lú Wii. Rìmóòtù nìkan ni wọ́n lè fi gbá a, ọ̀pọ̀ tó rà á sì ráhùn pé ìbọn náà kò gbọ́ràn sí ọwọ́. Àwọn tó wá lẹ́yìn kọ́gbọ́n. Nígbà tí Capcom gbé Resident Evil 4 wá sórí Wii ní ọdún 2007, wọ́n jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ nà rìmóòtù sí ọ̀tá, ẹni tí kò fẹ́ sì lè so páàdì tó ní ọ̀pá mọ́ ọn bíi ti àtẹ̀yìnwá. GoldenEye 007 ti ọdún 2010 ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́; wọ́n tilẹ̀ tà á pọ̀ mọ́ páàdì aláwọ̀ wúrà kan tó jẹ́ ti ọ̀pá àti bọ́tìnnì lásán, lórí ẹ̀rọ tí fífọwọ́yí jẹ́ ohun tó sọ ọ́ di olókìkí.

Àwọn tó kọ̀ láti fi àyè sílẹ̀ jìyà rẹ̀. Nínú Lair, géèmù PlayStation 3 ti ọdún 2007, ẹni tó ń gun dírágónì kò ní ọ̀nà mìíràn láti darí rẹ̀ ju kí ó máa yí páàdì lọ. Ìbínú pọ̀ débi pé ní ọdún 2008 wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ tó jẹ́ kí ọ̀pá náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ géèmù náà ti bàjẹ́ ná. Microsoft ṣe irú rẹ̀ lọ́nà tó tóbi jù: nígbà tí Xbox One jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, kò sí ẹni tó lè rà á láìra Kinect, kámẹ́rà tó ń wo ìṣe ara, mọ́ ọn, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 499. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2014, wọ́n ti ń ta Xbox One láìsí Kinect ní dọ́là 399. Nintendo fúnra rẹ̀ ṣubú sínú kòtò yìí ní ọdún 2016 pẹ̀lú Star Fox Zero, níbi tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú ti ní láti máa wo tẹlifíṣọ̀n, kí ó tún máa wo àwòrán tó wà lójú páàdì, kí ó sì máa yí páàdì náà láti yìnbọn. Wọ́n lè dín ìyí náà kù, wọn kò lè pa á. Ọ̀pọ̀ tó gbá a ló ráhùn.

Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn ni ilé iṣẹ́ kan náà ti gbé Splatoon jáde, géèmù tí wọ́n ti ń yin ọ̀dà dípò ọta. Jáírò ti wà ní títàn nígbà tí géèmù bá kọ́kọ́ ṣí, ṣùgbọ́n sẹ́tìǹgì wà tí ẹni tí kò fẹ́ ẹ lè fi pa á. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ló dúró lórí jáírò láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú wọn. Ẹ̀rí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ohun tó bá dára tó kò nílò dandan.

Ní ilẹ̀ Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀nà tirẹ̀ yọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù Ìlaròó tàbí Ayétòrò, bọ́ọ̀lù ni ọba. Ẹni méjì á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan, wọ́n á sanwó, wọ́n á gbá ìdíje kan, ẹni tí wọ́n bá lù á dìde fún ẹlòmíràn. Géèmù ìbọn kò bá ètò yẹn mu dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí olúkúlùkù ní ojú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Bí ó bá sì tilẹ̀ wà níbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ẹni kan ń kan ti ẹnìkejì lórí bẹ́ńṣì, àyè kò sí fún yíyí ọwọ́ kiri. Nítorí náà inú fóònù ni géèmù ìbọn ń gbé. PUBG Mobile tó jáde kárí ayé ní ọdún 2018 àti Call of Duty: Mobile tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ló gbé e dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó wà ní Federal Polytechnic tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìlaròó ní ọdún 1979 àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ọlábísí Oníbànjọ tó wà ní Ayétòrò.

Géèmù méjèèjì ní jáírò, méjèèjì ló sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. PUBG Mobile tilẹ̀ pín in sí mẹ́ta: kí ó kú pátápátá, kí ó jí nígbà tí ojú bá wà nínú awò ìbọn nìkan, tàbí kí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Èyí àárín ni ó gbọ́n jù, nítorí rírìn kiri kò nílò jáírò, àfi ìgbà tí ọ̀tá bá jìnnà, tí ìbọn sì ń ta sókè lọ́wọ́, tí ọrùn ọwọ́ á máa rọ̀ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ni, ẹgbàágbèje ìlẹ̀kùn ì bá ti tì ní ilẹ̀ Yewa, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó kò ní jáírò nínú. Fóònù iPhone 4 tí Apple gbé jáde ní ọdún 2010 ni fóònù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jáírò sí, láti ìgbà náà sì ni ó ti wà nínú àwọn fóònù olówó gọbọi. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tí itel àti Tecno fi kún ọjà ilẹ̀ Áfíríkà, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí iye owó lè wálẹ̀. Accelerometer ni wọ́n ń fi sílẹ̀ níbẹ̀, ìwé ara páálí sì sábà ń pè é ní G-sensor.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tí a mẹ́nu bà lókè ti ń wọlé. Oníbàárà béèrè bóyá fóònù ní jáírò; ẹni tó ń tà á mú un, ó yí i, àwòrán dùbúlẹ̀, ó ní "ẹ ò rí i bí?" Kò purọ́, accelerometer ló fi hàn. Àyẹ̀wò tó dájú kò le. Kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣí géèmù, kí ó tan jáírò, kí ó gbé fóònù lélẹ̀ pẹlẹbẹ lórí tábìlì, kí ó sì yí i bí ẹni ń yí àwo láìgbé e sókè. Accelerometer kò lè mọ ìyí yẹn, nítorí ibi tí ilẹ̀ wà kò yí padà. Bí ìbọn inú géèmù kò bá mira, jáírò kò sí. Bí ó bá mira ṣùgbọ́n tó ń falẹ̀, tó ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé fóònù náà ń fi kọ́ńpáàsì dọ́gbọ́n sí i ni. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀, yálà láti Ìkẹjà tàbí èyí tó gba Kútọnú wá, ní láti ṣe àyẹ̀wò yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí fóònù àtijọ́ lè ní jáírò tó ti bàjẹ́, tí ìbọn á fi máa yí lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí Call of Duty: Mobile jáde, kò tíì pé oṣù méjì tí ìjọba àpapọ̀ ti bodè ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọn kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò, ẹnubodè ilẹ̀ Yewa, padà títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ní agbègbè tí iye owó ọjà ń tẹ̀ lé bí bodè bá ṣe rí, a kò lè kọ́ géèmù lórí ìrètí pé gbogbo ènìyàn yóò pààrọ̀ fóònù.

Ojú ọ̀nà pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Jáírò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tó yí àti ọkọ̀ tó yí. Ẹni tó bá ń gbá géèmù nínú mọ́tò láti Ayétòrò lọ sí Abẹ́òkúta, nígbàkúùgbà tí mọ́tò bá yà fún kòtò tàbí gba kọ́nà, ìbọn inú géèmù á yà pẹ̀lú rẹ̀. Ìka kò ní ìṣòro yìí. Ẹnì kan náà lè fẹ́ jáírò ní yàrá rẹ̀ lálẹ́, kí ó sì fẹ́ pa á láàárọ̀ nígbà tó bá wọ mọ́tò.

Àwọn kan wà tí kò sí bí fóònù wọn ṣe lè dára tó, ara wọn kò ní gbà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tí oríkèé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń dùn, ẹni tó gbé fóònù sórí ìdúró nítorí pé ọwọ́ kan péré ló ní: gbogbo wọn ni jáírò tó jẹ́ dandan ń lé kúrò. Ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè ti ọ̀pá, àmọ́ tó lè yí ọrùn ọwọ́, jáírò nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ sínú géèmù ìbọn, ẹni tó bá yọ jáírò kúrò ti lé òun náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà kò sọ̀rọ̀ géèmù, ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò, ojú ọ̀nà àti irú wọn ló ń bá wí, ṣùgbọ́n èrò tó wà nídìí rẹ̀ kan ibi gbogbo tí ènìyàn ti ń péjọ ṣeré. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń rí i díẹ̀díẹ̀: Microsoft gbé Xbox Adaptive Controller jáde ní ọdún 2018, páàdì tí aláàbọ̀ ara lè so bọ́tìnnì tó bá wù ú mọ́, Sony sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú tirẹ̀ ní ọdún 2023.

Ìyọkúrò yìí ń ṣẹlẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Páàdì Xbox kò ní jáírò. Ti Switch tí Nintendo ṣe àti ti PlayStation ní. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta géèmù kan náà lórí gbogbo wọn á wo èyí tí kò ní, á sì yọ jáírò kúrò lórí gbogbo wọn. Bí ẹni tó sọ pé nítorí pé ilé kan kò ní kànga, kí àwọn tó ní má ṣe pọn omi. Àìsí jáírò nínú géèmù ìbọn tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbà á jẹ́ àbùkù, bí dandan ṣe jẹ́ àbùkù.

Fífi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ní ìtumọ̀ tó ju bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń tàn tí wọ́n ń pa lọ. Ó yẹ kí ènìyàn lè yan bí ìbọn yóò ṣe yá tó fún ìwọ̀n tí ọwọ́ bá yí, sókè sílẹ̀ lọ́tọ̀, sọ́tùn-ún sósì lọ́tọ̀. Ó yẹ kí bọ́tìnnì kan wà tó ń dá jáírò dúró nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ tó ti yí jìnnà lè padà sí àyè rẹ̀ láìgbé ìbọn dání, bí ẹni tó ń lo máòsì ṣe ń gbé máòsì sókè kí ó tó gbé e padà sí àárín tábìlì. Ó yẹ kí ìka tàbí ọ̀pá lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, kí ìka gbé ìbọn dé àdúgbò ọ̀tá, kí jáírò sì parí rẹ̀. Géèmù tó bá fi jáírò sí i láìsí àwọn wọ̀nyí wulẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ni, ẹni tó bá dán an wò lẹ́ẹ̀kan á sì gbà pé jáírò kò dára.

Ibi kan wà tí dandan ti bófin mu, ìyẹn nínú géèmù tí wọ́n ń dé awò rẹ̀ mọ́ ojú, tí orí àti ọwọ́ jẹ́ gbogbo ayé inú rẹ̀. Ẹni tó ra irú rẹ̀ mọ ohun tó rà.

Ìdíje ni ibi tó le jù. Fífi jáírò sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kò sọ gbogbo ènìyàn di ọgbọọgba, nítorí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní in kò lè fẹ́ ẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá pàdé nínú Call of Duty: Mobile, tí ọ̀kan ń fi ọrùn ọwọ́ rọ ìbọn wálẹ̀, tí èkejì ń fi ìka nìkan fà á, owó tó wà lápò òbí ti dá sí ìjà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje fún owó lè gbé fóònù irú kan náà kalẹ̀ fún gbogbo èèyàn, èyí sì ni ó dára jù bí agbára bá ká a. Bí kò bá ká a, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá, kí wọ́n gba jáírò láyè, kí wọ́n má sì fi ìyà jẹ ẹni tó ti lo oṣù púpọ̀ láti kọ́ ọ. Ohun tí kò yẹ ni kí òfin yí padà nígbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ń borí á gbọ́ pé wọn kò gba jáírò mọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ìkéde, ní ìlà kan náà pẹ̀lú iye owó ìwọlé, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó.